Kọ̀ǹpútà mi ń kú lákùúkú láti ìgbà tí mo ti fi SSD tuntun sí i

Òǹkàwé kan tí ó ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn ní Ìlọrin kọ̀wé báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Desktop tòkunbọ̀ ni mo ń lò, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ó ń falẹ̀ jù, ni ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa bá ní kí n ra SSD, dísìkì ìgbàlódé tí ó yára ju hard disk lọ. Ó gbé gbogbo ohun tó wà lórí hard disk àtijọ́ sórí SSD náà, ó sì fi hard disk sílẹ̀ síbẹ̀ kí n máa kó fáìlì sí i. Ó yá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń ṣàdédé háńgì: máòsì á ṣì máa rìn, àmọ́ ohunkóhun tí mo bá tẹ̀ kò ní ṣí. Tó bá ṣe díẹ̀, ojú búlúù á yọ, á kọ KERNEL_DATA_INPAGE_ERROR, nígbà mìíràn CRITICAL_PROCESS_DIED, á wá tan ara rẹ̀ padà, á ní òun kò rí dísìkì kankan. Tí mo bá yọ wáyà rẹ̀ lára iná tí mo tún fi í padà, á ṣí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ẹnì kan ní SSD ti bàjẹ́. Ẹnì kejì wo Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, ó rí Kernel-Power 41, ó tún rí i pé fódà Minidump, tó yẹ kí ìròyìn ojú búlúù wà nínú rẹ̀, ṣófo, ó ní iná ló ń gé, kí n ra power supply (àpótí tó ń pín iná fún ẹ̀rọ) tuntun. Ẹnì kẹta ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ìbéèrè ìdánwò àwọn ilé-ìwé tí mo ń bá ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?”

Ọ̀rọ̀ yín yé mi. Ẹni mẹ́ta ti dárúkọ àìsàn mẹ́ta, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì fẹ́ kí ẹ náwó síbi tí òun nàka sí, nígbà tí iṣẹ́ oníṣẹ́ wà nínú ẹ̀rọ tí ẹ kò mọ ìgbà tí yóò kọ̀ láti ṣí. Nítorí náà, kí a tó wádìí àìsàn rárá, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gba fáìlì sílẹ̀. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára iná fún bí ìṣẹ́jú kan, ẹ tàn án padà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí kó fáìlì sórí flash tàbí hard disk mìíràn tí ó wà níta lójú ẹsẹ̀. Èyí tí ẹ kò lè tún tẹ̀ mọ́ ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹ máa kó wọn díẹ̀díẹ̀, fódà kan lẹ́yìn òmíràn, torí pé bí dísìkì bá pòórá nígbà tí ẹ ń kó ohun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣòro láti mọ ibi tí ó dé. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe chkdsk, ètò Windows tí ń yẹ dísìkì wò tí ó sì ń tún un ṣe, lórí rẹ̀. Chkdsk máa ń kọ nǹkan sórí dísìkì bí ó ti ń tún un ṣe, dísìkì tí ó bá sì pòórá láàárín irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè sọ ìbàjẹ́ kékeré di ńlá. Ẹ tún bi ọmọkùnrin náà bóyá ó pa ohun tí ó wà lórí hard disk àtijọ́ rẹ́ lẹ́yìn tí ó gbé e tán. Bí kò bá pa á rẹ́, iṣẹ́ yín títí di ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ti gbó, kí ó má ṣe jẹ́ ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀dà wà.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Bí àwọn ènìyàn ṣe ń dá SSD lẹ́bi nìyẹn, mi ò sì bá wọn jà, nítorí ó máa ń jẹ́ òótọ́ nígbà mìíràn. Àmọ́ ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n fi í sí i. Wọ́n ṣí àpótí ẹ̀rọ tí ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má ti ṣí láti ìgbà tí ó ti gúnlẹ̀ sí èbúté. Wọ́n fa wáyà tí ó ti wà lójú kan láti ọdún pípẹ́. Ọwọ́ lè ti kan RAM, ìyẹn ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tí ó ń lò lọ́wọ́ sí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti wọ inú BIOS, ètò tí ó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó ṣí, láti yí nǹkan kan padà. Wọ́n sì gbé odidi Windows kan láti ibìkan dé ibòmíràn. SSD jẹ́ ọ̀kan péré lára ohun tí ó di tuntun lọ́jọ́ náà, bí a bá sì pààrọ̀ rẹ̀ láìwo àwọn yòókù, ẹ lè ra òmíràn kí àìsàn náà sì dúró dè é.

Àwọn àmì tí ẹ kọ ràn mí lọ́wọ́ ju ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ lọ. Kì í ṣe inú RAM nìkan ni Windows ń kó ohun tí ó ń lò sí. Ó máa ń fi apá kan sílẹ̀ lórí dísìkì, á sì lọ mú un wá nígbà tí ó bá nílò rẹ̀. KERNEL_DATA_INPAGE_ERROR ni ó máa ń kọ nígbà tí ó bá lọ mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò rí i gbà. Ìdí nìyẹn tí máòsì fi ń rìn ní àkókò tí gbogbo nǹkan yòókù ti dúró sójú kan: ohun tí ó ń gbé máòsì rìn ti wà nínú RAM, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ fẹ́ ṣí wà lórí dísìkì, dísìkì kò sì dáhùn mọ́. Windows á dúró, á tún bèèrè, á tún dúró, títí yóò fi sú u. CRITICAL_PROCESS_DIED lè ti inú ohun kan náà wá, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kan lára àwọn iṣẹ́ tí Windows kò lè wà láìsí ni kò rí ohun tí ó fẹ́ kà.

Èyí tí mo gbà pé ó ṣe kókó jù lọ ni pé kọ̀ǹpútà kì í rí dísìkì lẹ́yìn tí ó bá tan ara rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ó máa ń rí i bí ẹ bá yọ wáyà kúrò lára iná. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tan ara rẹ̀ padà, iná kì í kúrò lára SSD. Bí ọpọlọ inú SSD náà bá ti dì, dídì náà ni yóò wà títí iná yóò fi kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ẹ sì rántí pé BIOS ni ó kọ́kọ́ ń wá dísìkì, kí Windows tó jí rárá. Bí BIOS pàápàá kò bá rí i, a ti mọ̀ pé kì í ṣe Windows ni, kì í ṣe Word, kì í sì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ lórí ọ̀rọ̀ ẹnì kẹta. Ẹ fi Windows Defender yẹ ẹ̀rọ náà wò nígbà tí ara rẹ̀ bá yá, torí pé flash oníbàárà ń wọlé ń jáde níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹnì kejì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ fẹ́ àlàyé, torí pé àṣìlóye rẹ̀ wọ́pọ̀ púpọ̀. Orúkọ tí wọ́n fún àkọsílẹ̀ náà, Kernel-Power, ni ó ń mú kí àwọn ènìyàn sáré lọ ra power supply. Ohun tí 41 ń sọ kò ju pé Windows ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ó sì rí i pé wọn kò pa òun bí ó ti yẹ nígbà tí ó kọjá. Ohun tí ó fà á kò sí nínú rẹ̀. Bí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, 41 ni. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀ títí ó fi kú, 41 ni. Bí ojú búlúù bá yọ, 41 náà ni. Bí ẹ bá ṣí ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ àkọsílẹ̀ náà, ẹ ó rí BugcheckCode àti nọ́ńbà kan. 122 ni KERNEL_DATA_INPAGE_ERROR, 239 sì ni CRITICAL_PROCESS_DIED. Bí ó bá jẹ́ 0, Windows kò ráyè kọ nǹkan kan sílẹ̀ nìyẹn: ó lè jẹ́ pé iná gé lójijì, ó sì lè jẹ́ pé ibi tí ì bá kọ ọ́ sí ti pòórá. Ọ̀rọ̀ fódà Minidump tí ó ṣófo kò yàtọ̀ sí èyí. Inú C, lórí dísìkì tí Windows wà, ni fódà náà wà. Bí ó bá jẹ́ dísìkì náà gan-an ni ó sá lọ, níbo ni Windows yóò rí kọ ìròyìn ikú ara rẹ̀ sí? Lójú mi, fódà tí ó ṣófo lẹ́yìn ojú búlúù tí ẹ fi ojú ara yín rí tún ti ẹjọ́ dísìkì lẹ́yìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kọ̀ǹpútà tí power supply rẹ̀ ń gé kì í dúró háńgì kí ó tó kọ lẹ́tà sójú búlúù. Ńṣe ni yóò kú fin lẹ́ẹ̀kan náà.

Nítorí náà, SSD tàbí ọ̀nà tí ó gbà dé ara motherboard (pátákó ńlá inú ẹ̀rọ) ni a ń wá, mo sì fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀nà náà, nítorí pé kò wọ́nwó. SSD tí wọ́n sábà máa ń fi sínú irú desktop bẹ́ẹ̀ ní wáyà méjì: wáyà dátà tí ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ 7 lẹ́nu, àti wáyà iná tí ó ní 15. Kò sí ìdè lórí ọ̀pọ̀ wáyà dátà àtijọ́, dídì mọ́ra lásán ni wọ́n dì mọ́ra, bí wọ́n bá sì ti yọ wọ́n tí wọ́n tún fi wọ́n bọ̀ ọ́ nígbà mélòó kan, ẹnu wọn á dẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tú ẹ̀gbẹ́ àpótí náà kí ẹ wo bí SSD ṣe dúró. Oní-íńṣì 2.5 ni wọ́n ń pè é, ààyè tí ó wà nínú desktop sì jẹ́ ti hard disk oní-íńṣì 3.5. Ó yẹ kí wọ́n fi pẹpẹ irin tàbí rọ́bà kékeré kan gbà á, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún nǹkan ṣe kì í ní in lọ́wọ́. Ohun tí mo sábà máa ń bá ni SSD tí ó rọ̀ dirodiro sórí wáyà ara rẹ̀, tí fáànù ń mì ín, tí hard disk ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń mì ín, tí ẹ bá sì ti tẹ ilẹ̀kùn àpótí padà, ilẹ̀kùn náà á tún ti wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ohun tí a ó kọ́kọ́ tún ṣe.

Kí ẹ tó pààrọ̀ wáyà, ẹ gba CrystalDiskInfo, ètò tí ń yẹ ìlera dísìkì wò, sórí ẹ̀rọ náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “Good” tí ó kọ sókè fi yín lọ́kàn balẹ̀, torí pé ìlera inú dísìkì ni ó ń sọ, kò kan wáyà. Ẹ wá ìlà C7, tí ó ń jẹ́ CRC Error Count. Ó ń ka iye ìgbà tí dátà tí ó gba orí wáyà kọjá dé òdìkejì pẹ̀lú àléébù. Kì í padà sẹ́yìn, nítorí náà nọ́ńbà tí ẹ bá bá níbẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ wà, bí kò ṣe bóyá ó ń gun òkè. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ lo ẹ̀rọ títí yóò fi tún háńgì, kí ẹ sì tún wò ó. Bí ó bá ti pọ̀ sí i, wáyà tàbí ẹnu ihò ni kí ẹ fura sí. Ẹ kíyè sí i pé àwọn SSD kan kò fi ìlà yìí hàn rárá. Nínú Event Viewer, lábẹ́ System, ẹ wá 129 àti 153 ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú 41. 129 ń sọ pé Windows ti ní kí dísìkì tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí pé kò dáhùn. 153 ń sọ pé ó ní láti tún ìbéèrè kan béèrè. Bí ẹ bá rí 7, ìyẹn tọ́ka sí ibi tí ó ti bàjẹ́ lórí dísìkì fúnra rẹ̀. Ẹ rí i dájú pé SSD ni ó ń bá wí, nítorí hard disk àtijọ́ náà lè ní tirẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ra wáyà dátà tuntun (SATA ni wọ́n ń pè é) tí ó ní irin ìdè lẹ́nu, kí ẹ sì fi SSD sínú ihò mìíràn lórí motherboard, ó kéré tán fún àyẹ̀wò. Ẹ fún un ní wáyà iná tirẹ̀ bí ó bá ṣeé ṣe. Níbí yìí ni mo ti gbà pé ọ̀rọ̀ ẹnì kejì kò ṣe é jù nù pátápátá. SSD kì í jẹ iná, ṣùgbọ́n folti 5 ni ó ń lò, kò sì fẹ́ kí ó lọ sílẹ̀ rárá. Hard disk oní-íńṣì 3.5 lè fa tó áńpíà 2 lórí folti 12 nígbà tí ó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí yí. Bí wọ́n bá fi wáyà ẹlẹ́nu méjì so méjèèjì pọ̀ sórí ẹnu kan ṣoṣo, tàbí tí wọ́n lo ohun tí ń sọ ẹnu Molex, ìyẹn ẹnu wáyà iná àtijọ́, di SATA, ẹnu tí kò fún dáadáa níbẹ̀ tó láti mú SSD sùn lójijì. Àwọn ohun tí ń sọ Molex di SATA yìí pàápàá, èyí tí wọ́n fi ike yọ́ dà, mi ò fẹ́ràn wọn. Wọ́n ti fa iná nínú àpótí kọ̀ǹpútà rí. Power supply tuntun ni kí ó kẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ desktop HP àti Dell tí ó ń wá láti òkèèrè, power supply wọn kò bá ti ọjà mu, ẹ ó ní láti wá irú rẹ̀ gan-an, èyí tí ẹ ó sì rí lè jẹ́ tòkunbọ̀ tí ó gbó ju èyí tí ẹ ní lọ.

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì lo ẹ̀rọ náà fún àkókò tí ó ju èyí tí ó máa ń lò kí ó tó háńgì lọ kí ẹ tó gbà pé ó ti san. Bí ẹ bá pààrọ̀ wáyà, ihò àti iná lọ́jọ́ kan náà tí ó sì san, inú yín á dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ kò ní mọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ padà sínú rẹ̀. Àyẹ̀wò kan tún wà tí ó lágbára ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ: bí Windows bá ṣì wà lórí hard disk àtijọ́, ẹ yọ SSD kúrò pátápátá, kí ẹ fi hard disk nìkan ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ má fi méjèèjì síbẹ̀ pọ̀ láti yan èyí tí yóò ṣí, torí pé ẹ̀dà ara wọn ni wọ́n, Windows lè ti ọ̀kan pa nítorí pé àmì ìdánimọ̀ wọn jọra, tàbí kí ó ṣí láti orí èyí tí ẹ kò rò. Bí ẹ̀rọ náà bá ṣì ń kú láìsí SSD nínú rẹ̀, SSD ti bọ́ nínú ẹjọ́ nìyẹn. Ẹ yọ RAM, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ padà títí yóò fi dún, kí ẹ sì fi MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú.

Bí wáyà kò bá yanjú rẹ̀, ẹ wo inú BIOS bóyá AHCI (ọ̀nà tuntun tí ẹ̀rọ ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀) ni ihò SATA wà lórí rẹ̀ tàbí IDE (ti àtijọ́). AHCI ni mo fẹ́ fún SSD, ṣùgbọ́n ẹ má ṣàdédé yí i, torí pé Windows tí kò tíì mọ̀ nípa rẹ̀ lè kọ̀ láti ṣí. Ẹni tí ó mọ bí a ṣe ń wọ Safe Mode, níbi tí Windows ti ń ṣí pẹ̀lú ohun tí ó kéré jù lọ, ni kí ó ṣe é. Lẹ́yìn náà ni firmware, ìyẹn ètò tí ó ń darí SSD láti inú. Kì í ṣe ìtàn lásán pé firmware lè pa kọ̀ǹpútà lákùúkú. Ní 2012, Crucial ní láti gbé firmware tuntun jáde fún SSD m4 wọn, nítorí pé bí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún wákàtí 5,184, yóò dákẹ́, lẹ́yìn náà yóò sì máa dákẹ́ ní wákàtí wákàtí. Ní 2024, nígbà tí Windows 11 24H2 jáde, àwọn SSD Western Digital kan, bíi SN770 oní-2TB, bẹ̀rẹ̀ sí fa ojú búlúù, títí tí ilé-iṣẹ́ náà fi tún firmware wọn ṣe. Nítorí náà, ẹ wo ìkànnì ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe tiyín. Àmọ́ iná kò gbọ́dọ̀ lọ nígbà tí ẹ bá ń fi firmware sí i. Bí ẹ kò bá ní UPS tàbí inverter, ẹ má dán an wò.

Ó ku SSD fúnra rẹ̀. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà: ara rẹ̀ lè kọ 1TB, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ má tó ìdá mẹ́rin rẹ̀, bí ẹ bá sì ti kó nǹkan kọjá ibi tí ó lè gbà, á bẹ̀rẹ̀ sí tẹ tuntun lé orí àtijọ́. H2testw máa ń tú irú wọn fó, torí pé yóò kọ nǹkan kún dísìkì náà, yóò sì kà á padà. Orí kọ̀ǹpútà mìíràn ni kí ẹ ti ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó ohun gbogbo kúrò, nítorí bí ó bá jẹ́ ayédèrú, àyẹ̀wò náà yóò ba ohun tí ó wà lórí rẹ̀ jẹ́. Ti olówó pọ́ọ́kú tí kì í ṣe ayédèrú náà máa ń háńgì díẹ̀ bí ẹ bá kó fáìlì ńlá sórí rẹ̀, ṣùgbọ́n á padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀, kò ní pòórá mọ́ BIOS lójú bí tiyín.

Ẹnì kan lè sọ pé kí ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ẹ fi Windows tuntun sí i. Ní tiyín, kò ní wo ohun tí ń ṣe yín. Ó ṣe é ṣe lẹ́yìn tí dísìkì bá ti dúró dáadáa, torí pé ìgékúrò lákùúkú máa ń ba fáìlì Windows jẹ́, mo sì máa ń kọ́kọ́ gbìyànjú sfc /scannow, àṣẹ tí ń tún fáìlì Windows tó bàjẹ́ ṣe, kí n tó lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Ọ̀wàrà, 2025, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ desktop tòkunbọ̀ kò kún ojú ìwọ̀n tí Windows 11 ń béèrè. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Mi ò rí ẹ̀rọ náà, nítorí náà mi ò lè búra. Bí a bá ní kí n fi owó ara mi lé ọ̀kan, ẹnu wáyà ni n ó kọ́kọ́ fi lé, lẹ́yìn náà SSD, lẹ́yìn náà iná tí ó ń lọ sára rẹ̀. Bí wáyà tuntun, ihò mìíràn àti iná tirẹ̀ kò bá yí nǹkan kan padà, ẹ gbé SSD náà sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Bí ó bá pòórá níbẹ̀ náà, ẹjọ́ ti tán, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa ohun tí ó wà lórí rẹ̀ kí ó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé Quick format nìkan pé yóò pa fáìlì rẹ́ pátápátá. Secure Erase, tí ń pa ohun gbogbo lórí dísìkì rẹ́, láti inú ètò ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ni kí ẹ lò. Bí kò bá lè jí pẹ́ tó kí ẹ fi ṣe ìyẹn, ẹ ó ní láti yan láàárín owó SSD àti ìbéèrè ìdánwò tí ó wà nínú rẹ̀. Bí àwọn ilé-ìwé náà kò bá tíì ṣe ìdánwò ọ̀hún, èmi kò ní dá a padà.